Ògiri tó bu ní rúùmù hósítẹ́ẹ̀lì ní Jámánì: bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin

Tó bá ti di Jánúárì, ìbéèrè kan náà làwọn ọmọ wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Jámánì máa ń bi mí: "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan dúdú kan ń hù lára ògiri rúùmù mi, ṣé kí n ra péńtì kí n fi kùn ún?" Mo máa ń ní kí wọ́n má kùn ún o, kí wọ́n má tíì fọwọ́ kàn án rárá, màá wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan fún wọn, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní hósítẹ́ẹ̀lì tí èmi náà ń gbé nígbà yẹn. Mo ti sọ ọ́ títí, ó kúkú yá kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ náà ti ní kò sí wàhálà, kí n kọ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ ẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ìlú náà, torí tí mo bá ti dárúkọ ìlú, ẹ ti mọ ọ́fíìsì tó ni hósítẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Ìlà oòrùn Jámánì ni, ìyẹn náà tó.

Sẹ̀tẹ́ńbà 2022 ló dé láti wá ṣe másítà. Nígbà yẹn, owó tí ìjọba Jámánì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tì pa sí báǹkì kó tó rí fíísà gbà jẹ́ 10,332 yúrò, 861 yúrò ni báǹkì sì ń tú sílẹ̀ fún un lóṣooṣù. Bàbá ẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ló da owó yẹn jọ, wọ́n ta ilẹ̀ kan mọ́ ọn. Nínú 861 yẹn ni 268 yúrò owó ilé ti ń jáde, ìnṣọ́ránsì ìlera ń gbé ohun tó lé ní 100, oúnjẹ ń bẹ níbẹ̀, fóònù ń bẹ níbẹ̀, kò sí èyí tó ṣẹ́kù tí èèyàn lè pè ní àfikún. Kó tó gba kọ́kọ́rọ́, ó ti san Kaution, ìyẹn owó tí wọ́n ń gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ayálégbé tí wọ́n á dá padà fún un lọ́jọ́ tó bá ń kó jáde tí kò bá ba nǹkan kan jẹ́. 500 yúrò ni tiẹ̀. Ẹ fi owó yẹn sọ́kàn, òun ló dá gbogbo ìjà yìí sílẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Ilé náà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ilé tí wọ́n kọ́ láyé ìjọba kọ́múnísì apá ìlà oòrùn, wọ́n á mọ ògiri kọnkéré odidi ní ilé iṣẹ́, wọ́n á wá fi kéréènì tò wọ́n lérí ara wọn. Ẹni tó bá ti dé ìlú èyíkéyìí lápá ibẹ̀ ti rí irú ilé bẹ́ẹ̀, wọ́n ga, wọ́n gùn, wọ́n jọra. Nígbà tó yá wọ́n tún un ṣe, wọ́n yọ wíńdò àtijọ́ tí atẹ́gùn ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọlé, wọ́n fi oníke tó ní rọ́bà yípo sí i, èyí tó jẹ́ pé tó bá ti dé, afẹ́fẹ́ ò wọlé, afẹ́fẹ́ ò jáde. Òtútù kì í wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n oru omi náà ò rọ́nà jáde mọ́. Èèyàn mẹ́ta ló ń gbé fúláàtì náà, rúùmù mẹ́ta, kíṣìnì kan, bálùwẹ̀ kan tí kò ní wíńdò rárá, ihò kan péré lókè ògiri ló yẹ kó máa fa afẹ́fẹ́ ẹ̀ jáde. Ọmọ Jámánì kan àti ọmọ Íńdíà kan ni wọ́n jọ ń gbé. Rúùmù ọmọ wa ló wà ní igun ilé, méjì nínú ògiri ẹ̀ kọjú síta, oòrùn kì í sì í dé ibẹ̀.

Ọdún tó dé yẹn náà kì í ṣe ọdún tó dáa fún ẹni tí kò tíì gbé inú òtútù rí. Rọ́ṣíà ti gbógun wọ Ukraine láti Fẹ́búárì, gáàsì ti wọ́n, ìjọba Jámánì sì pàṣẹ pé láti ọjọ́ kìíní Sẹ̀tẹ́ńbà, àwọn ọ́fíìsì ìjọba ò gbọ́dọ̀ mú ilé gbóná ju 19°C lọ. Ibi gbogbo tó bá yíjú sí, "ẹ ṣọ́ gáàsì lò" ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà hósítẹ́ẹ̀lì tiwa náà. Ọmọ wa ka ìkìlọ̀ yẹn, ó wo owó ọwọ́ ẹ̀, ó lọ yí hítà ẹ̀ dé ibi àmì yìnyín, ìyẹn ìsàlẹ̀ pátápátá, ó ń wọ jákẹ́ẹ̀tì sùn. Ó rò pé bílì kan ń bọ̀ níparí ọdún. Ohun tí kò mọ̀ ni pé nínú kọ́ńtíráàtì tó fọwọ́ sí, 268 yẹn ti kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, hítà wà nínú ẹ̀, omi wà nínú ẹ̀, iná wà nínú ẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀. Ì báà tan hítà tọ̀sán tòru, kọ́bọ̀ ò ní lé e. Ojú ìwé kejì kọ́ńtíráàtì ló wà, lédè Jámánì. Mi ò bá a wí fún èyí rárá. Ẹni tó dàgbà sílé tí wọ́n ti ń gbé bílì tí kò jọ iná tí wọ́n lò wá, tàbí tí mítà onísanwó-kó-o-tó-lò ti ń ké "pí pí" lóru, kò sí bó ṣe máa gbọ́ pé nǹkan wọ́n tí ọwọ́ ẹ̀ ò ní lọ síbi tí wọ́n ti ń pa á.

Aṣọ fífọ̀ tún wà ńbẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wà ní ìsàlẹ̀ ilé, ẹ máa sanwó kẹ́ ẹ tó fọ̀, ẹ tún máa sanwó míì tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbẹ ẹ́. Ó ń sanwó ìfọ̀, ó ń fo ti gbígbẹ, ó ra irin tí wọ́n ń sá aṣọ lé, ó nà án sáàárín bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì, ó sì ti wíńdò pa torí òtútù. Báwọn ọmọ wa tó pọ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wọn ohun tó wà nídìí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ díẹ̀, torí ibi tí ọ̀rọ̀ ti yé èmi gan-an nìyí. Ẹ mú àpótí kan tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní fífẹ̀, mítà kan ní gíga. Tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ bá wà ní 20°C, omi tó lè gbé pọ̀ jù lọ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 17. Tí afẹ́fẹ́ yẹn bá tutù dé 0°C, kò lè gbé tó gíráàmù 5 mọ́, ìyókù gbọ́dọ̀ wá ibì kan jókòó sí. Rúùmù ọmọ wa fẹ̀ tó mítà 12 níbùú lóròó, òkè ẹ̀ ga tó mítà méjì ààbọ̀, àpótí 30 ni gbogbo ẹ̀ nígbà náà, ẹ fi 17 ìlọ́po ọgbọ̀n: gbogbo afẹ́fẹ́ inú rúùmù yẹn, tó bá tiẹ̀ gbóná dé 20, ò lè gbé ju ìdajì lítà omi lọ. Aṣọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó sá síbẹ̀, omi tó ń jáde lára ẹ̀ kó tó gbẹ lé ní lítà kan. Ká tó wá sọ èémí òun fúnra ẹ̀ tó ń sùn níbẹ̀ lóru, ká tó sọ ẹ̀wà tó ń hó fún wákàtí méjì ní kíṣìnì. Níbo lẹ fẹ́ kí omi yẹn lọ? Ibi tó bá tutù jù ló ń lọ. Ẹ mọ bí ìgò mínírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú fíríìjì jáde ṣe máa ń làágùn lórí tábìlì, ohun tí igun ògiri yẹn ń ṣe lóru nìyẹn, ẹ̀yìn wọ́dúróòbù tí ojú ò dé ló sì ti ń ṣe é. Kò tiẹ̀ dìgbà tí omi bá ń kán o. Àwọn tó ń kọ́lé ní Jámánì ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń lò, 12.6°C: tí rúùmù bá wà ní 20°C tí ọ̀rinrin inú ẹ̀ jẹ́ 50 pásẹ́ǹtì, ìyẹn ìdajì omi tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ lè gbé, ibi tí ara ògiri bá ti tutù ju 12.6 yẹn lọ, èbu, ìyẹn nǹkan dúdú tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, lè hù níbẹ̀. Rúùmù tiẹ̀ ò gbóná tó 20, ọ̀rinrin ẹ̀ sì ju 50 lọ dáadáa.

Jánúárì 2023 ló mọ̀. Ó fẹ́ mú kóòtù tó gbé wá láti ilé jáde nínú wọ́dúróòbù, ó ń rùn bí ilé tí wọ́n ti tì pa fún ọdún púpọ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ti ní àmì funfun funfun. Ó ti wọ́dúróòbù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rí i. Dúdú ni, láti ilẹ̀ dé òkè orúnkún, ó gba igun yẹn já. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní Schimmel, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí ayálégbé ní Jámánì ń bẹ̀rù tó o.

Ohun tó ṣe tẹ̀ lé e gan-an ló jẹ́ kí n máa sọ ìtàn yìí. Ó lọ ra nǹkan oníkílórín tí wọ́n ń fín sí èbu, ó ti ilẹ̀kùn, kò ṣí wíńdò, ó fín in, ó fọ̀ ọ́, orí fọ́ ọ títí di ọjọ́ kejì. Dúdú yẹn ṣí. Ó ti wọ́dúróòbù padà síbi tó wà, kò sọ fún ẹnì kankan. Lọ́sẹ̀ díẹ̀ sí i ó tún hù. Ó tún fín in. Kò sọ fún Hausmeister tó ń tọ́jú ilé, kò kọ̀wé sí ọ́fíìsì, kò sọ fáwọn tí wọ́n jọ ń gbé, èmi tí mo wà ní àjà kejì sísàlẹ̀ ẹ̀ tá a jọ ń kí ara wa lédè wa ní ṣọ́ọ̀bù, kò sọ fún mi. Ikọ́ ló tú u fó. Ó ń hú u nígbà tá a pàdé ní ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo bi í pé kí ló dé, ó ní òtútù ni. Mo ní ikọ́ òtútù wo ni kò lọ látọdún tuntun. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá fi nǹkan kan hàn yín, ẹ má sọ fún wọn o."

Mo bá a gòkè. Nígbà tí mo rí ògiri yẹn, mo ní a máa kọ̀wé sí wọn lónìí.

"Ẹ̀gbọ́n, tí wọ́n bá lé mi ńkọ́? Wọ́n á ní mo ba ilé àwọn jẹ́. Mi ò ní ní àdírẹ́ẹ̀sì mọ́, àwọn tó ń rí sí fíísà á wá ní kí n máa lọ sílé."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sà. Èmi ni mo rò ó bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rù yẹn, mo ti bá a pàdé lára ọ̀pọ̀ ọmọ wa, ó sì máa ń dùn mí gan-an. Wọ́n ti fi ohun gbogbo tí ilé ní rán ẹ wá, wọ́n ti ní kó o má bá ẹnikẹ́ni fa wàhálà, kó o tẹrí ba, kó o kàwé ẹ, kó o máa bọ̀. Ìwọ náà wá rò pé ohun tó bá ti bà jẹ́ nínú ilé onílé, tí o bá ti la ẹnu sọ ọ́, o ti di ẹlẹ́jọ́. Ọ́fíìsì tó ń rí sí àwọn àlejò, tó bá fẹ́ sọ fíísà dọ̀tun, ó fẹ́ rí pásípọ́ọ̀tù, owó, ìwé pé o ṣì ń kàwé, ìnṣọ́ránsì, àti àdírẹ́ẹ̀sì. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè ògiri níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni onílé ò lè tìtorí pé o fẹjọ́ èbu sùn kó kó ẹrù ẹ síta. Nǹkan tí òfin sọ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ń bà á lẹ́rù: ìwé òfin tí wọ́n ń pè ní BGB, abala 536c, ní tí nǹkan bá bà jẹ́ nínú ilé tí o yá, kíá ni kó o sọ fún onílé, tó ò bá sọ, tí ìbàjẹ́ náà wá pọ̀ sí i, ọrùn ẹ ló máa wà. Dídákẹ́ yẹn gan-an ló lè gba 500 yúrò lọ́wọ́ ẹ̀.

Nígbà tá a jókòó sí kíṣìnì láti kọ ímeèlì yẹn, ọmọ Jámánì tí wọ́n jọ ń gbé wọlé wá po tíì. Ó bi wá pé kí là ń ṣe, a sọ fún un. Ó ní, "Àh, Schimmel. Tèmi náà ní díẹ̀ lábẹ́ wíńdò, mo ti kọ̀wé sí wọn láti Nofẹ́ńbà, wọn ò tíì wá." Ó yọ fóònù, ó fi ímeèlì náà hàn wá. Ìlà mẹ́ta. Kò bẹ̀bẹ̀, kò ṣàlàyé ara ẹ̀, ó sọ ohun tó rí, ó fi fọ́tò kan sí i, ó ní kí wọ́n wá wò ó. Mo rí ojú àbúrò mi yẹn nígbà tó ń ka ímeèlì náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ìmọ́lẹ̀ ńlá ni ìlà mẹ́ta yẹn wá padà jẹ́ fún wa, ẹ ó rí i níwájú.

A ya fọ́tò ògiri, a fi rúlà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí wọ́n lè rí bó ṣe fẹ̀ tó. Mo yá a ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn ọ̀rinrin, irú èyí tí kò ju yúrò mẹ́wàá lọ ní ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́, ó gbé 74 pásẹ́ǹtì, rúùmù sì wà ní 15°C. A kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Mo ní kó má fín nǹkan kan sí i mọ́ títí wọ́n á fi wá. Ibi kékeré tí kò tó ìdajì mítà níbùú lóròó, èèyàn lè fi álíkọ́ọ̀lì, kì í ṣe ti mímu o, tó jẹ́ 70 sí 80 pásẹ́ǹtì nù ún fúnra ẹ̀, ohun tí àjọ ìjọba Jámánì tó ń rí sí àyíká sọ nìyẹn, wọ́n tiẹ̀ ní fínígà ò dáa fún ògiri onísìmẹ́ńtì torí kálíkì inú ògiri á pa agbára ẹ̀. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ti ju kékeré lọ. Ẹni tó bá sì ń fi oníkílórín fọ nǹkan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó pàdé ọṣẹ olómi kíkan tí wọ́n fi ń fọ bálùwẹ̀ níbẹ̀, èéfín tó ń jáde lára àwọn méjèèjì lè pa èèyàn nínú yàrá tí a tì.

Ímeèlì lọ. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí Hausmeister tó wá. Ó wo ògiri fírí, ó wo irin tí aṣọ wà lórí ẹ̀, ó mi orí, ó lọ. Lẹ́tà ọ́fíìsì dé tẹ̀ lé e: akẹ́kọ̀ọ́ ò fẹ́ atẹ́gùn sí rúùmù, akẹ́kọ̀ọ́ ò tan hítà, akẹ́kọ̀ọ́ ló fa èbu, kó máa ṣí wíńdò lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, owó àtúnṣe á jáde látinú Kaution ẹ̀. Ọmọ yìí fẹ́ san án. Ó ní ká sáà fi parí ẹ̀, kí ọkàn òun balẹ̀. Mo ní rárá, jẹ́ ká lọ bá lọ́yà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ná. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Jámánì ló ní lọ́yà tó ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, owó ẹ̀ ti wà nínú owó sẹ̀mẹ́sítà tí gbogbo wa ń san, síbẹ̀ àwọn ọmọ wa kì í dé ibẹ̀.

Lọ́yà yẹn ò tàn wá jẹ, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ yín ní apá kan tó dáa, ó ní apá tí kò dáa. Èyí tó dáa: ní ilé ẹjọ́, onílé ló máa kọ́kọ́ fi hàn pé ilé òun kọ́ ló fa ọ̀rinrin náà, kó tó kan ayálégbé láti fi hàn pé òun ń gbé ibẹ̀ bó ṣe yẹ. Èyí tí kò dáa: ní ọjọ́ 5 Dìsẹ́ńbà 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún irú ọ̀rọ̀ báyìí ní Jámánì dá ẹjọ́ nípa àwọn ilé tí wọ́n kọ́ ní 1968 àti 1971, wọ́n ní pé igun ògiri tutù nínú ilé àtijọ́ kì í ṣe àlébù, tó bá ṣáà ti bá òfin ìkọ́lé ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ mu, àti pé kò pọ̀ jù láti ní kí ayálégbé ṣí wíńdò gbayawu lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tàbí lẹ́ẹ̀mẹta fún bíi mẹ́wàá. Igun tó tutù nìkan ò lè gbà wá, hítà tó wà nílẹ̀ pátápátá náà sì ń ta kò wá. Ó wá bi wá ní ìbéèrè kan tí kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú wa: "Bálùwẹ̀ yín tí kò ní wíńdò yẹn, ṣé ihò ẹ̀ ń fa afẹ́fẹ́?"

A délé, a já tíṣù kan, a gbé e sẹ́nu ihò náà. Tó bá ń fa afẹ́fẹ́, ó yẹ kó gbá tíṣù yẹn mọ́ra. Tíṣù já bọ́ sílẹ̀. A tún un ṣe, ó tún já bọ́. A pe àwọn méjì tó kù kí wọ́n wá wò ó, a ya fídíò ẹ̀. Nígbà tí Hausmeister wá tú ìdérí ihò yẹn lẹ́yìn lẹ́tà kejì, eruku tó wà nínú ẹ̀ nípọn bí ìka, lẹ́yìn eruku, ẹnì kan tó ti gbé ibẹ̀ ṣáájú wọn ti fi ọ̀rá àti sẹ́lótéèpù dí i pa, bóyá torí atẹ́gùn tó ń gba ibẹ̀ wọlé lásìkò òtútù. Èèyàn mẹ́ta ń fi omi gbígbóná wẹ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn bálùwẹ̀ sílẹ̀ kó lè gbẹ, gbogbo oru omi yẹn ń tú sínú kọ́rídọ̀ àti rúùmù. Igun tó tutù jù nínú fúláàtì ló sì ń lọ, ìyẹn rúùmù ọmọ wa.

Ọ̀rọ̀ yí padà níbẹ̀. Nínú lẹ́tà tá a kọ tẹ̀ lé e, tí lọ́yà bá wa tún ṣe, nǹkan mẹ́ta la tò síbẹ̀: ihò bálùwẹ̀ tó dí, èyí tó jẹ́ iṣẹ́ onílé láti tọ́jú, ímeèlì ọmọ Jámánì láti Nofẹ́ńbà, tó fi hàn pé ọ́fíìsì ti mọ̀ pé ọ̀rinrin wà nínú fúláàtì náà kó tó di pé ọmọ wa rí tiẹ̀ rárá, àti fọ́tò pẹ̀lú ìwọ̀n ọ̀rinrin. A ò purọ́ nípa hítà. A sọ ọ́ pé kò tàn án, pé ó rò pé òun máa sanwó ẹ̀ lọ́tọ̀, pé ó ti ń tàn án báyìí. Mo rò pé òótọ́ yẹn ràn wá lọ́wọ́ ju bá a bá ṣe é mọ́ra lọ, torí ọ́fíìsì náà ò jiyàn mọ́ lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n tún ihò yẹn ṣe, wọ́n rán oníkùn wá, ó ha péńtì àtijọ́ kúrò, ó fi oògùn sí i, ó kùn ún. Wọn ò kọ lẹ́tà pé àwọn jẹ̀bi o, èmi náà ò retí ẹ̀.

Ohun tó yí padà nínú rúùmù náà ò pọ̀. Hítà lọ sí nọ́ńbà 3, ìyẹn nǹkan bíi 20°C. Wọ́dúróòbù sún kúrò lára ògiri tó fi gba àtẹ́lẹwọ́, a tiẹ̀ gbé e lọ sára ògiri inú nígbà tó yá. Wíńdò wá ń ṣí gbayawu fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá láàárọ̀ àti lálẹ́, á sì padé pátápátá. Èyí tí wọ́n máa ń fi sílẹ̀ kó dagun díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, kò ṣe nǹkan kan ju kó mú ògiri tutù lọ. Ó máa ń yà á lẹ́nu pé afẹ́fẹ́ òtútù ìta tó dà bíi pé ó lómi gbẹ ju ti inú ilé lọ, ṣùgbọ́n ẹ rántí gíráàmù 5 àti gíráàmù 17 yẹn: afẹ́fẹ́ tútù wọlé, ó gbóná, àyè ti ṣí nínú ẹ̀ láti gbé omi, ó gbé e, ẹ tún ṣí wíńdò ó bá a jáde. Lọ́dún yẹn kan náà, ní Máàṣì, ìjọba Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í san 200 yúrò fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan nítorí gáàsì tó wọ́n, àlejò náà wà lára ẹ̀ tó bá ti forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì ní ìparí 2022. Ó gbà á, ó ní òun á máa fi sanwó ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Inú mi dùn sí i gan-an. Ọ̀rinrin ẹ̀ ò kọjá 55 mọ́, ikọ́ yẹn lọ kí Éésítà tó dé.

Sẹ̀tẹ́ńbà 2024 ló kó jáde. Wọ́n yẹ rúùmù náà wò, wọ́n kọ ìwé ìjádelé, ó ka gbogbo ẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i, ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀dà kan. Lẹ́yìn oṣù méjì, lẹ́tà dé pé wọ́n fẹ́ yọ 180 yúrò nínú Kaution fún ògiri igun. Ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn jẹ́ ẹni tuntun, ó jọ pé ó kàn rí "Schimmel" nínú fáìlì ni. Tó bá jẹ́ ọmọ tó wà ní ìdí ẹ̀rọ ìfọṣọ lọ́jọ́ yẹn, á ti jẹ́ kó lọ. Òun fúnra ẹ̀ ló jókòó, kò pè mí, ó kọ ímeèlì padà lédè Jámánì, ó kó àwọn lẹ́tà 2023 sí i, ó kó fọ́tò sí i, ó kó ìwé ìjádelé tí wọ́n ti kọ ọ́ pé ògiri mọ́ tónítóní sí i. Ímeèlì náà kúrú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi lẹ́yìn tó ti lọ tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó." 460 yúrò ni wọ́n san fún un, 40 tí wọ́n yọ jẹ́ ti ààrò kíṣìnì tí ẹnikẹ́ni ò fọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n yọ ọ́ fún, ó sì ní ó tọ́.

Ó ku ohun kan tí àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí máa ń bi mí: ṣé kò yẹ kó béèrè pé kí wọ́n dín owó ilé kù fún àwọn oṣù tó fi gbé inú èbu? Òfin fàyè gbà á, abala 536 ni, kódà nínú hósítẹ́ẹ̀lì. Lọ́yà sọ fún un pé ó lè gbìyànjú ẹ̀, ṣùgbọ́n fún oṣù tó fi dákẹ́, kò sí nǹkan tó máa rí gbà, oṣù tó sì ṣẹ́kù lẹ́yìn ímeèlì náà ò pọ̀, ọ̀rọ̀ hítà á sì tún jáde. Ó ronú sí i, ó fi sílẹ̀, ó ní ìdánwò òun ti sún mọ́lé. Mo gbà pẹ̀lú ẹ̀ nígbà yẹn, mo ṣì gbà pẹ̀lú ẹ̀. Ọmọ Jámánì yẹn ní tiẹ̀ béèrè, fún rúùmù tiẹ̀, láti Nofẹ́ńbà tó ti kọ̀wé, wọ́n sì dín díẹ̀ kù fún un.